Ẹ Jẹ́ Ká Fi Kúlà Sílẹ̀ Nílé Tá A Bá Ń Lọ Sílùú Onílùú

Ọ̀gá olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ̀ ń gbé jáde fún wa lédè wa. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí ẹ̀rọ Kord, ẹ̀rọ tá a fi ń tẹ̀wé, ni mo wà. Lẹ́tà mi yìí dá lórí bí àwa òṣìṣẹ́ 14 ṣe lọ lo ọjọ́ Sátidé kan l'Abẹ́òkúta, torí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu wa níbi iṣẹ́.

Kí n tó débẹ̀ ṣá, ẹ jẹ́ n sọ ti èṣí. A lọ síbi omi kan tó ń já bọ́ látorí òkè, ibẹ̀ rẹwà gan-an, àmọ́ Èkó la ti se gbogbo oúnjẹ dání, kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù mẹ́ta, ṣíkíìnì, píọ̀ wọ́tà, a jẹun nínú bọ́ọ̀sì, a ya fótò, a padà sílé. Ìyá kan tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà kí wa káàbọ̀, ó ṣí ìdérí igbá ẹ̀ kó lè fi ọjà hàn wá, ìgbà tó rí kúlà lórí àwọn ọmọ wa ló rọra dá ìdérí yẹn padà. Ó dùn mí gan-an, mi ò sì gbàgbé ẹ̀.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe sọ fún ọ̀gá wa lọ́dún yìí pé ká má gbé oúnjẹ kankan. Àwọn kan bínú o, bọ̀dá tó ń gé pépà ní inú òun ò gba oúnjẹ ibi tóun ò mọ̀, àǹtí tó ń gba owó ní ṣé ibẹ̀ á mọ́ tónítóní. Ọ̀gá ní ká dán an wò.

Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson l'Ébùté Mẹ́ta, a sọ̀ ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderin, a wọ mọ́tò wọ ìgboro. Ó lé ní ìdajì nínú wa tí ò wọ ọkọ̀ ojú irin yẹn rí látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021, ńṣe ni gbogbo wọn lẹ ojú mọ́ wíńdò bí ọmọdé.

Òkè Olúmọ la kọ́kọ́ gùn. A bẹ ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri pé kó bá wa sọ Yorùbá, inú ẹ̀ sì dùn, ó ṣàlàyé bí ogun ṣe lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò nílé wọn, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ débẹ̀ lọ́dún 1830 tí wọ́n fi abẹ́ àpáta ṣe ilé. Ó fi àwọn ihò kan hàn wá lára àpáta, ó ní ibẹ̀ làwọn obìnrin ti ń lọ oúnjẹ nígbà ogun. Màmá tó ń bá wa di ìwé ti ọwọ́ bọ ọ̀kan, ihò náà ń dán lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ó ní "ẹ ò rí i pé wọ́n jẹun ṣá, pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn". Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìgbà tá a dókè téńté, tí gbogbo òrùlé tó ti dípẹtà ìlú yẹn tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa, ọmọkùnrin náà dárúkọ Aké àti ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, ó wá fi kún un pé Abẹ́òkúta yìí kan náà ni òyìnbó míṣọ́nnárì kan, Henry Townsend, ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1859, pé 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ẹ wò ó, atẹ̀wé ni gbogbo wa! Bàbá àgbà kan wà láàárín wa tó kọ́ṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń fọwọ́ to lẹ́tà onírin lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá yìí ṣí fìlà, ó di fìlà náà mú sáyà, ó ní "ìlú yìí niṣẹ́ wa ti wá nìyẹn".

Ebi ti dé. A wọ búkà kan nítòsí Ìtòkú. Àwọn kan mú ìrẹsì Ọ̀fadà tí wọ́n di sínú ewé eéran, ata ẹ̀ ń rùn fún irú àti epo, pọ̀nmọ́ àti ẹyin wà nínú ẹ̀, bọ̀dá tí inú ẹ̀ ò gba oúnjẹ àjèjì yẹn tú ewé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú mi. Èmi ní tèmi láfún ni mo jẹ, ó funfun báláú, ó rọ̀, ewédú ń yọ̀ lórí ẹ̀, ìgbín méjì sì wà nínú ọbẹ̀. A máa ń sọ l'Ékòó pé láfún ń rùn, mo bi ìyá olóúnjẹ, ó ní ẹ̀gẹ́ tí wọn ò sá gbẹ dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n rẹ ẹ́ ló ń rùn, kì í ṣe láfún. Mo gbà, torí èyí tó wà níwájú mi ò rùn rárá.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn nìyí. A jáde síbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, aláró kan tó ti dàgbà ń ṣàlàyé fún wa bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó ní láfún ni wọ́n máa ń rò pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà ẹ̀ sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ yẹn bá jókòó sí, aró ò ní wọ ibẹ̀. Láfún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán! Èmi tí mò ń ṣe ẹ̀rọ Kord, mo mọ nǹkan tí màmá yìí ń sọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹ̀ fún mi, torí bẹ́ẹ̀ ni pléètì tiwa náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí omi bá wà lára ẹ̀, ínkì ò ní dúró níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "atẹ̀wé lèmi náà nìyẹn".

Ó tún kọ́ wa pé ká máa yí ẹ̀yìn aṣọ wò ká tó sanwó, àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ pa láró, aró á wọnú ẹ̀ dé ẹ̀yìn, èyí tí máṣíìnì tẹ̀ níléeṣẹ́, àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní hàn tó ti iwájú. Gbogbo wa ló ra nǹkan.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣètò irú ìrìnàjò báyìí ni pé kẹ́ ẹ fún àwọn èèyàn yín lówó oúnjẹ lọ́wọ́, kí wọ́n jẹ ohun tí wọ́n ń sè níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ká ní a gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ ni, mi ò bá dé ìdí aláró yẹn kí n má mọ nǹkan tó ń wí.

Ní ìparí ọdún, Ìjẹ̀bú Òde la fẹ́ lọ, ìkọ́kọrẹ́ sì wà lọ́kàn wa. Ẹ̀yin òǹkàwé tẹ́ ẹ bá mọ búkà gidi tí wọ́n ti ń sè é bó ṣe yẹ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí olóòtú, àwa 14 ló ń bọ̀ o.

Òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan,
Ṣómólú, Èkó