Lẹ́tà sí ìyàwó àbúrò mi, lórí ẹ̀dọ̀ tí ọtí ti bà jẹ́

Ìyàwó wa,

O kú ìtọ́jú, o kú àìsùn. Mo gbọ́ pé àbúrò mi ti búra pé láti ọjọ́ Ajé, òun ò ní fẹnu kan ọtí mọ́. Inú mi dùn gidigidi, nítorí kò sí oògùn tó tó ìyẹn fún ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ Ajé tó dé, ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà. Ẹni tó ti ń mu lójoojúmọ́ kì í ṣàdéédéé jáwọ́ ńbẹ̀ nílé. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà á máa lù kìkì. Láàárín ọjọ́ 2 àkọ́kọ́, gìrì lè gbé e. Tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ara rẹ̀ sì máa jó bí iná. Ìyẹn a máa pààyàn. Nílé ìwòsàn, wọ́n á fún un ní oògùn tí ara á fi rọlẹ̀, wọ́n á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bi wọ́n léèrè fítámì B1, èyí tí wọ́n ń pè ní thiamine. Ọtí a máa jẹ́ kó tán lára, àìtó rẹ̀ a sì máa da ọpọlọ rú. Bí wọ́n bá fẹ́ fa omi ṣúgà sí i lára, kí B1 ṣáájú, tàbí kí méjèèjì jọ wọlé.

Àpá ló mú kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ le bẹ́ẹ̀, àpá náà kì í sì í sábà parẹ́ tán. Síbẹ̀, bí ọtí bá kúrò ńlẹ̀, omi inú ikùn lè fà, ojú tó pọ́n lè mọ́, èyí tó ṣẹ́ kù lára ẹ̀dọ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Bíà kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kò sí nínú àdéhùn yìí o.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ká mi lára jù. Wọ́n á sọ fún ọ pé kó má jẹ ẹran, ẹja àti ẹyin mọ́. Má gbọ́ tiwọn, èrò àtijọ́ ni. Ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá a máa tọ́jú ṣúgà pamọ́ tí ara á fi la òru já. Tirẹ̀ kò lè tọ́jú púpọ̀ mọ́. Bó bá jẹun ní aago 7 alẹ́, tí kò tún fi nǹkan kan ẹnu títí di aago 8 àárọ̀, ẹran ara rẹ̀ ni ara rẹ̀ á máa jẹ. Wo ẹ̀bátí rẹ̀ dáadáa bó ṣe jìn wọnú, wo apá àti itan rẹ̀ bó ṣe ń rù tí ikùn sì ń tóbi. Nítorí náà, máa fún un ní oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí 3 sí 4 síra wọn, má sì jẹ́ kó sùn láìjẹ ìpápánu òru: ègé búrẹ́dì 3 pẹ̀lú ife mílíìkì 1 tó. Èròjà amáradàgbà (protein) tó nílò jẹ́ gíráàmù 1.2 sí 1.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, lóòjọ́. Bó bá jẹ́ kílò 60 láìka omi ikùn mọ́ ọn, gíráàmù 72 sí 90 nìyẹn. Amáradàgbà inú ẹyin 1 ò ju bíi gíráàmù 6 lọ, torí náà ẹyin nìkan ò lè tó o.

Iyọ̀ ló ń dá omi dúró sí ikùn. Gbogbo iyọ̀ ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ, ìyẹn ṣíbí tíì kan, àti èyí tó wà nínú búrẹ́dì, oúnjẹ inú agolo àti èròjà ọbẹ̀. Ra ìwé kékeré kan. Láràárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀ tí kò tíì jẹun, kó gun orí ìwọ̀n, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ń lo oògùn ìtọ̀, spironolactone pẹ̀lú furosemide, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú, kí ìwọ̀n rẹ̀ má máa dín ju ìlàjì kílò lọ lóòjọ́. Bí ẹsẹ̀ bá wú, kílò 1. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kíndìnrín ló ń fìyà jẹ. Pe dókítà.

Nínú ìwé yẹn náà, kó máa kọ orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ìkọ̀wé rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, tó ń sùn lọ́sàn-án tó ń jí lóru, ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Bí ọwọ́ bá ń já wálẹ̀ tó tún ń gbéra bí ìyẹ́ ẹyẹ, májèlé tí ẹ̀dọ̀ kò lè fọ̀ ti ń gun orí rẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Torí èyí ni wọ́n ṣe fún un ní lactulose, oògùn olómi tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Èèyàn pọ̀ tó ń dá a dúró nígbà tí ìgbẹ́ bá ti lọ geere. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ rírọ̀ 2 sí 3 lóòjọ́ ni à ń wá: bí kò bá tó, fi kún un, bó bá di omi, tó ń lọ léraléra, dín in kù, torí gbígbẹ ara náà ń da orí rú.

Bí ara bá ń ro ó, paracetamol oní-mílígíráàmù 500 kò gbọdọ̀ ju hóró 4 lọ lóòjọ́. Ibuprofen àti diclofenac, rárá, nítorí wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Oògùn oorun àti àgbo "afọ̀dọ̀", kó jìnnà sí i.

Bó bá bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ibà bá dé pẹ̀lú inú rírun, ẹ má dúró de àárọ̀. Fún ti ibà, ní kí wọ́n fa díẹ̀ nínú omi ikùn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà gan-an.

Sìkáànì ẹ̀dọ̀ ní oṣù 6-6, kódà bí ara rẹ̀ bá le, torí jẹjẹrẹ. Béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, àti bóyá wọ́n á fi kámẹ́rà wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bí òǹgbẹ ọtí bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, béèrè baclofen. Disulfiram, oògùn tó ń mú kí ọtí máa ni èèyàn lára, kò dára fún ẹ̀dọ̀ bí irú tirẹ̀.

Mú ìwé kékeré náà dání tí ẹ bá ń lọ. Fi han dókítà kó tó béèrè.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ