Kòkòrò Tó Ń Tún DNA Rẹ̀ Ṣe

Sí Olóòtú,

Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde lórí oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic) tí kò ràn mọ́. Ẹ sọ pé oògùn ti mọ́ kòkòrò lára, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ bó ṣe ń mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ kan ń wò láti fi wá oògùn tuntun.

Apòògùn ni mí. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í na owó sí mi pé kí n fi àlùmọ́gàjí gé Cipro mẹ́rin péré fún òun. Cipro, ọ̀kan nínú oògùn apakòkòrò àrùn, máa ń mú kí DNA kòkòrò, okùn tí ìlànà ìwàláàyè rẹ̀ wà lórí rẹ̀, já, ṣùgbọ́n kòkòrò kì í káwọ́ gbera. Nínú E. coli, bakitéríà kan tó ń gbé inú ìfun, purotéènì tí à ń pè ní RecBCD á sáré débi tó já, á tún ojú rẹ̀ ṣe, á sì gbé purotéènì mìíràn, RecA, lé e. Bí RecA bá ti jókòó síbẹ̀, purotéènì LexA, tó ti ń dí àwọn jíìnì àtúnṣe lọ́wọ́, á gé ara rẹ̀ sí méjì, jíìnì tó lé ní 40 á sì jí. Lára wọn ni àwọn tó ń fi ìkánjú da DNA kọ, tí wọ́n sì ń ṣì í kọ. Bí oògùn kò bá sì pọ̀ tó láti pa kòkòrò náà, ọ̀kan nínú àṣìkọ yìí lè jẹ́ èyí tí Cipro kò ní ràn mọ́.

Ní ọdún 2005, Floyd Romesberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi èkúté ṣe ìdánwò: E. coli tí LexA rẹ̀ kò lè gé ara rẹ̀ kò rí ọ̀nà borí Cipro.

Oògùn tí yóò di kòkòrò lọ́wọ́ àtúnṣe kò ní láti dá pa á. Ẹ wo Augmentin, tí amoxicillin tó ń pa kòkòrò wà nínú rẹ̀: èròjà kejì inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa kòkòrò, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí kòkòrò ba amoxicillin jẹ́. RecBCD ni èmi yóò kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí àwa ènìyàn kò ní irú rẹ̀, nígbà tí RAD51, purotéènì àtúnṣe tiwa, jẹ́ ìbátan RecA, tí oògùn tó bá dí RecA lọ́wọ́ sì lè ṣèèṣì kàn án. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò tíì dé orí àtẹ wa.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fún àwọn onímọ̀ wa ní ojú ìwé kan kí wọ́n tú u palẹ̀. Ní tèmi, àlùmọ́gàjí náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀.

Apòògùn kan,
Ìbàdàn.