Àṣàkẹ́, orin tí bàbá Tómi ń gbé sí ẹ létí yẹn

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti gbogbo ilé. Mo mọ̀ pé Tómi á ti máa fi èdè òyìnbó jiyàn pẹ̀lú ẹ báyìí, ẹ̀san gbogbo àríyànjiyàn tí o bá màmá jà nígbà kan ni. Wọ́n ń kí ẹ. Wọ́n ní ẹ̀gúsí tí o bèèrè ti wà nílẹ̀, wọ́n ti bó o, wọ́n ti sá a, ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún la ń wá.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní orin “Layla” ti Eric Clapton, ata-gìtá ará Ìlú Ọba yẹn, ni bàbá Tómi ń tẹ̀ nínú mọ́tò ní gbogbo ìgbà, wọ́n ní orin ìfẹ́ ni, wọ́n ní ìwọ ni àwọn ń fi kí, àti pé òun ni wọ́n fẹ́ kí ẹ fi jó lọ́jọ́ àjọ̀dún ìgbéyàwó yín. O wá ní kí èmi tí mo ń gbé orin àtijọ́ sáfẹ́fẹ́ túmọ̀ ẹ̀ fún ẹ. Hẹn-ẹn. Wá àga jókòó, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Kí n tiẹ̀ ti ẹnu ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀: ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Clapton ń kọrin sí.

Pattie Boyd lorúkọ obìnrin náà, ọmọge tí wọ́n máa ń ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1964 ni òun àti George Harrison, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin Beatles, pàdé níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù àkọ́kọ́ wọn, torí wọ́n fún un ní ipa kékeré kan kó ninu ẹ̀. Oṣù kìíní 1966 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Clapton àti George kì í ṣe ọ̀rẹ́ “báwo ni, dáadáa ni” o. Ní 1968 George mú un lọ sí sítúdíò kó wá ta gìtá nínú orin àwọn Beatles, ohun tí wọn kì í sábà gba ẹlòmíràn láyè láti ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, inú ọgbà Clapton ní Surrey ni George jókòó sí tó fi gbé “Here Comes the Sun” kalẹ̀. Wọ́n ń wọlé tọ ara wọn láìkan ilẹ̀kùn. Ibi tí ojú Clapton ti wọ ìyàwó onílé nìyẹn. Ojú kì í rí arẹwà kó má kí i, mo gbà, àmọ́ ti ọ̀gbẹ́ni yìí kọjá kíkí.

Kò ṣeé ṣe kó máa pe Pattie, Pattie lórí rédíò, ló bá lọ yá orúkọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fún un ní ìwé ìtàn Layla àti Majnun, èyí tí akéwì Nizami ará Ganja, ìlú tó wà ní Azerbaijan báyìí, fi ewì kọ ní 1188. Ìwọ tó lọ ilé kéwú, ó ṣeé ṣe kí o ti gbọ́ ọ. Qays fẹ́ràn Layla láti kékeré, ìfẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé àwọn èèyàn ń pè é ní wèrè, ohun tí Majnun túmọ̀ sí nìyẹn. Bàbá Layla láwọn ò ní fọmọ fún wèrè, ó fi í fún ọkùnrin mìíràn. Qays gba inú aṣálẹ̀ lọ, ó ń bá ẹranko gbé, ó ń kéwì. Layla kú, òun náà sì lọ kú sórí ibojì rẹ̀.

Wàyí o, gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà gan-an. Ẹsẹ mẹ́ta péré ni.

Nínú ẹsẹ àkọ́kọ́, ó bi obìnrin náà pé kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tó bá ku òun nìkan, tí kò sẹ́ni tó ń dúró dè é. Ó ní ó ti ń sá, ó ti ń fara pamọ́ jù, ìgbéraga òmùgọ̀ lásán sì ni. Àṣàkẹ́, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń tọrọ obìnrin? Àwa tí a bá ń bẹ èèyàn, a kọ́kọ́ ń kì í ni, àá ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, àá fi oríkì wọ́ ọ lójú sọ́nà. Ìbáwí ni ti ẹni yìí fi ṣí ẹnu. Lẹ́yìn tó ti dẹ́rù bà á tán ló wá dé ibi tí gbogbo ayé mọ̀, ibi tó ti ń ké orúkọ, tó ní òun ti wà lórí ìkúnlẹ̀, kó ṣàánú òun. Ibẹ̀ nìkan ni àwọn bàbá Tómi ń bá a kọ.

Ẹsẹ kejì ló dùn mọ́ mi jù, torí ẹ̀tàn inú rẹ̀. Ó ní nígbà tí ọkọ rẹ já ọ kulẹ̀, èmi ni mo gbìyànjú láti tù ọ́ nínú, àfi bí mo ṣe kó sínú ìfẹ́ bí òmùgọ̀, tí ayé mi dojú dé. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọkọ fara hàn nínú orin nìyí, ẹ̀sùn ló sì bá wọlé. Kò lórúkọ. Kò sì síbì kankan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí akọrin ti jẹ́wọ́ pé ọkọ yìí, ọ̀rẹ́ òun ni. Ohun tó wúwo jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló fò dá. Bí o kò bá mọ ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀, wàá rò pé aládùúgbò rere kan ló wá ṣípẹ̀ fún ìyàwó tí ọkọ ń fìyà jẹ. Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá. Pattie fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde ní 2007 pé George ti gbájú mọ́ àdúrà àti àṣàrò àwọn ará Íńdíà, kò rí tòun rò mọ́, ó sì tún ń rìn sáwọn obìnrin mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́...

Nínú ẹsẹ kẹta ló ti fi ara rẹ̀ àti obìnrin náà sójú kan fún ìgbà àkọ́kọ́: jẹ́ ká wá nǹkan ṣe sọ́rọ̀ yìí kí n tó ya wèrè. Wo bó ṣe yí ìtàn Majnun po. Majnun ti ya wèrè ná, kò sì béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ti Clapton, wèrè náà kò tíì dé, ó fi ń halẹ̀ ni. Orúkọ nìkan ló yá lọ́wọ́ Nizami, kò yá sùúrù.

Kí o má rò pé mo kórìíra orin náà o. Tó bá bẹ̀rẹ̀, mo máa ń dákẹ́. Ohùn gìtá méje tí ó máa ń kọ́kọ́ já lù ọ́ yẹn, Duane Allman ló mú un wá, ọmọkùnrin ará ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó bá Clapton àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú sítúdíò ní Miami ní 1970. Inú orin búlúùsì kan tí Albert King gbé jáde, orin ẹni tí ìfẹ́ fi sílẹ̀ tó ń sunkún jẹ́jẹ́, ló ti yọ ohùn náà. Ó mú un sáré ni. Tó o bá fetí sílẹ̀, bí ẹsẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo orin náà á já wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá tún ku díẹ̀ kó pe orúkọ, á fò padà sókè, ọ̀fun rẹ̀ á sì há. Kì í ṣe ọ̀fun tó ń ṣeré. Ọ̀fun yẹn ló ń fọkàn mi balẹ̀ pé ó fẹ́ràn obìnrin náà lóòótọ́, láìka ìhàlẹ̀ sí.

Pattie ní inú fúláàtì kan ní South Kensington ni Clapton ti pe òun wá gbọ́ ọ. Ó tẹ téèpù náà fún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ń wo ojú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí obìnrin yẹn lọ́kàn ni pé gbogbo èèyàn máa mọ̀ pé òun ni. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á, kí orin náà tó wá wọ̀ ọ́ lára. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, níbi àríyá kan, Clapton là á mọ́ George lójú pé òun fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. George bi Pattie pé ta ló máa bá lọ. Ọkọ rẹ̀ ló bá lọ. Nígbà tó yá, Clapton mú héróìnì tó dì sínú nǹkan kékeré jáde, ó ní bí kò bá tẹ̀ lé òun, òun á máa mu ún ni. Pattie ní rárá. Ọkùnrin náà sì ṣe bó ṣe wí, nǹkan bí ọdún mẹ́ta ló fi ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú egbòogi olóró yẹn. Ṣé o rí ẹsẹ àkọ́kọ́ lójúkorojú? Inú orin kọ́ ló ti kọ́ ìhàlẹ̀.

Ó kù síbì kan. Orin náà lé ní ìṣẹ́jú méje. Bí wọ́n ṣe pariwo tán, gbogbo ẹ̀ á rọlẹ̀, píánò á wọlé, kò ní sí ọ̀rọ̀ kankan mọ́ títí tó fi máa parí. Jim Gordon, onílù wọn, ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí apá yẹn. Àmọ́ Rita Coolidge, akọrin tó jẹ́ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ nígbà náà, sọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ ní 2016 pé òun àti Jim ni àwọn jọ gbé ohùn yẹn kalẹ̀ sínú orin kan tó jẹ́ tàwọn, ẹnikẹ́ni kò sì bi òun léèrè kí wọ́n tó lò ó. Bobby Whitlock tó wà nínú ẹgbẹ́ náà gbè é lẹ́yìn. Orúkọ Rita kò sí lára àwo náà títí dòní.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rí orin yìí bó ṣe rí gan-an. Obìnrin méjì ló wà nínú rẹ̀: wọ́n ń bẹ ọ̀kan, wọn ò dúró gbọ́ èsì, ọ̀kan sì ní òun ni òun kó ibi tó dùn jù wá, wọn ò dárúkọ rẹ̀. Ọkùnrin nìkan ló ń sọ̀rọ̀ láti òkè délẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá tán lẹ́nu rẹ̀, ohùn obìnrin ló gba orin, kò sì wí nǹkan kan. Èmi gbà pé èsì Layla nìyẹn, bí wọ́n tiẹ̀ ṣèèṣì fi síbẹ̀ ni.

Ìyókù, o lè fojú inú wò ó. Wọ́n gé orin náà kúrú ní 1971, kò tà. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni alùpùpù pa Duane Allman, ẹni ọdún 24. Ní 1972 tí wọ́n gbé e jáde lódindi ló tó wọnú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó. Pattie kúrò lọ́dọ̀ George ní 1974, ó fẹ́ Clapton ní 1979. George wá síbi àríyá ìgbéyàwó náà! Ó tiẹ̀ bá wọn kọrin, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò mọ irú ọkàn tí wọ́n fi dá a. Nílé wa, àwọn àgbà ì bá ṣì máa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ẹni tó kúnlẹ̀ tọrọ obìnrin yìí wá di ọ̀mùtí, ó bímọ níta, wọ́n sì kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1989. Ní 1992 ó tún orin náà kọ níjòókòó, jẹ́jẹ́, ó sì yọ píánò ìparí kúrò. Ẹ̀bùn Grammy ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Létí tèmi, ó dà bí àmàlà àná tí wọ́n gbé kaná.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ jó sí i lọ́jọ́ àjọ̀dún, sọ fún bàbá Tómi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi píánò. Ó gùn tó fún ijó, kò sì sí ẹni tó ń bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn á fi “Wonderful Tonight” dípò rẹ̀, Pattie kan náà ni Clapton kọ ìyẹn sí, ní 1976, níbi tó jókòó sí tó ń retí kó múra tán kí wọ́n lè jáde. Torí náà tètè múra.

Fi nọ́ńbà ẹni tó ń bọ̀ wálé ní Kérésì ránṣẹ́ sí mi, nítorí ẹ̀gúsí.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ