Ẹ Fún Ìyá Yín ní Kọ́kọ́rọ́: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Tíṣà ni mí n'Íbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ kí ọmọ mi ọkùnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì rí ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kí ẹ̀yin náà tó ránṣẹ́ pe òbí yín.

Ìgbà tí a kọ́kọ́ béèrè físà ìbẹ̀wò, wọn ò fún wa. Ẹ̀bi wa ni, mi ò ní í purọ́. Owó ìfẹ̀yìntì mi ò tó nǹkan, ni ọmọ mi bá da mílíọ̀nù 3 náírà sínú àkáǹtì mi nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ 2 ká fi ìwé sílẹ̀, kí n lè dà bí olówó. Èsì tí wọ́n kọ kò gùn: wọn ò rí ibi tí owó náà ti wá. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Nígbà kejì, òótọ́ la kọ. A kọ iye owó ìfẹ̀yìntì mi bó ṣe kéré mọ. A ní ọmọ mi ni yóò san owó ọkọ̀, ilé rẹ̀ ni n ó sì dé sí. Ó wá fi ìwé owó oṣù rẹ̀ àti sítétíméǹtì báńkì oṣù 6 gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Èmi náà kó ìwé ilé wa ní Mọ́níyà kún un, kí wọ́n lè rí i pé mo níbi tí mò ń padà sí. Wọ́n fún mi. Ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣe sítétíméǹtì ayédèrú, ẹ sá fún un. Ìwé irọ́ lè dí ọ̀nà mọ́ ìyá yín fún ọdún 10.

Físà náà a sì máa tan èèyàn jẹ. Wọ́n lè fún ni ní ti ọdún 2, 5, tàbí 10, síbẹ̀ ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde gan-an wá nìyí: ṣé ìyá yín lẹ ń pè, àbí ọmọ ọ̀dọ̀? Mo mọ̀ pé owó tí wọ́n ń gbà láti tọ́jú ọmọ níbẹ̀ ń dá èèyàn lágara. Ṣùgbọ́n òfin wọn ò gba àlejò láyè láti ṣiṣẹ́. Ìyá àgbà lè bá yín gbé ọmọ dání fúngbà díẹ̀. Kó wá di alágbàtọ́ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé láti máa ríbi iṣẹ́ lọ, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn.

Oṣù kọkànlá ni mo dé Thamesmead, àdúgbò tí ọmọ mi ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Aago méje àárọ̀, ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ á ti jáde, á ku èmi àti ọmọ oṣù mẹ́jọ. A ò mọ̀ nígbà náà pé ohun tófin ò fẹ́ là ń ṣe. Bó bá fi máa di aago mẹ́rin, ilẹ̀ ti ṣú. Mi ò tíì jókòó dáadáa lẹ́yìn ìrun Àsárì tí Mọ̀gáríbì fi ń dé. Wọ́n ní gáàsì wọ́n, nítorí náà mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀, mo tún ró ìró lé e. Wọn ò sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Kì í ṣe ìwà ìkà, wọn ò rò ó ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wo títì láti ojú fèrèsé.

Ní Sátidé kan, ìyàwó ọmọ mi fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó mú mi wọ bọ́ọ̀sì 177 lọ sọ́jà ní Peckham, àdúgbò tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń ná ata rodo, ohùn Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni mò ń dá lọ.

Ẹ má fojú fo ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn o. Ìtọ́jú ní ẹ̀ka pàjáwìrì ò gbowó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ìyá yín dúró sí wọ́ọ̀dù, ìlọ́po kan àbọ̀ iye tó ná wọn ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ san. Gbèsè £500 tẹ́ ẹ bá jẹ sílẹ̀ sì lè ba físà mìíràn jẹ́. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì kó tó wọ bàálù, bó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fi pa mọ́ fún iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà. Kó gbé oògùn tó máa tó o dání, nínú páálí rẹ̀. Pọ́nmọ́ ní tirẹ̀, kó fi sílé: wọn kì í jẹ́ kí ẹran wọlé láti Nàìjíríà. Inú àpótí ìdọ̀tí ni tèmi sùn ní pápákọ̀ òfurufú.

Bàbá yín ńkọ́? Ìyá nìkan lẹ máa ń rántí. Oṣù mẹ́rin tí mo fi wà lọ́hùn-ún, búrẹ́dì àti ẹ̀wà alátà ni Alhaji, ọkọ mi, ń jẹ nílé, tó bá wá pè mí, á ní kò síṣòro. Èmi tí mo mọ ohùn rẹ̀!

Lẹ́yìn ààwẹ̀, àwa méjèèjì la jọ ń lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, nígbà ooru. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá wọ́n ń ta obì ní Peckham.

Ìyá yín,
Alhaja, Ìbàdàn