Sí Àjọkẹ́, nípa ìwé tó o rí ní Jámánì

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ilé wa ní Mọ́ọ̀rẹ̀ ń kí ọ.

Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ kò jẹ́ kí n sùn. Der Zauberberg (Òkè Onídán), ìwé ìtàn àròsọ ti Thomas Mann, òǹkọ̀wé ọmọ Jámánì, àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tí S. Fischer gbé jáde ní Berlin lọ́dún 1924, ìdìpọ̀ méjèèjì pé, ìbuwọ́lùwé òǹkọ̀wé tún wà níbẹ̀! O ní ṣé kó o rà á. Bí agbára rẹ bá gbé e, rà á.

Ṣé o rántí ìtàn náà? Hans Castorp lọ kí ìbátan rẹ̀ nílé ìwòsàn oníkọ́ ife lórí òkè ní Davos, ní Switzerland. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fẹ́ lò, ló bá lo ọdún méje. Ọjọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ gba ojú ìwé rẹpẹtẹ. Nígbà tó yá, odindi ọdún ń kọjá fìrí. Àríyànjiyàn Settembrini àti Naphta, àwọn onímọ̀ méjì inú ìtàn náà, ti gùn jù lójú tèmi, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí Castorp ti fi tẹmómítà sẹ́nu fún ìṣẹ́jú méje, tí ìṣẹ́jú ọ̀hún kọ̀ tí ò tán, mo lè kà á lójoojúmọ́. Àwọn ìyá wa ń fi ọjà ọrọọrún ka ọjọ́, àkókò ò lè sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Lórí òkè yẹn, kò sọ́jà, kò sóko. Oṣù ni wọ́n fi ń ka àkókò, ọ̀sẹ̀ ò jámọ́ nǹkan kan. Ohun kan náà ló sì ṣe Mann fúnra rẹ̀: ìtàn kúkúrú ló dáwọ́ lé lọ́dún 1913, ogun dé, ọdún 1924 ló tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbuwọ́lùwé yẹn fi jọ mí lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó sanwó. Gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kó o dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Yíǹkì tí èèyàn fi gègé kọ máa ń ki níbì kan, á fẹ́lẹ́ níbòmíì. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń dọ́gba látòkèdélẹ̀. Wò ó bóyá ojú ìwé gan-an ló kọ ọ́ sí, tàbí wọ́n gé bébà kan lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn ò níye lórí tó bẹ́ẹ̀. Bi ọlọ́jà bó ṣe dọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìdìpọ̀ méjèèjì sì jẹ́ ọmọ ìyá, torí àwọn kan máa ń fi èyí tí wọ́n tún tẹ̀ dípò ọ̀kan tó sọnù.

Má gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ amúlémóoru, má lẹ sẹ̀lótéèpù mọ́ ibi tó bá ya. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbé e bọ̀ wálé, kó o kà á sí mi létí lédè Jámánì, kó o máa túmọ̀ ẹ̀ bó o ṣe ń kà á.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àdùkẹ́