Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí àpótí àánú ìjọ

Èbúté-Mẹ́ta

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara bàbá rẹ le, èmi náà wà, a dúpẹ́. Mo gbọ́ pé ìwọ ni ìjọ fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ àánú. Inú mi dùn sí i, mo sì ti fi ọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gùn ju ti orí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè kà á nígbà tí ilé bá dákẹ́.

Mo rí fọ́tò tí ẹ gbé sórí WhatsApp. Ènìyàn méje ló di àpò ìrẹsì kan ṣoṣo mú. Ìyá àgbàlagbà kan wà láàárín yín, bánà ìjọ wà lẹ́yìn, gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín àfi ìyá náà. Mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá wá kí yín ní Ṣómólú, orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ máa ń jókòó, a sì jọ máa ń kúnlẹ̀ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni. Ìrẹsì yẹn á tán láàárín oṣù kan, fọ́tò yẹn kò ní tán. Ìwọ náà mọ bí ilé oníyàrá púpọ̀ ṣe rí. Ọjọ́ tí òun àti ayálégbé kan bá fa ọ̀rọ̀ nídìí kànga, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀: "Ìwọ tí ṣọ́ọ̀ṣì ń fi ìrẹsì bọ́!" Jọ̀wọ́, ẹ yọ fọ́tò náà kúrò lónìí, kí o sì lọ bẹ ìyá náà fúnra rẹ. Má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Lọ kúnlẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ má ṣàánú o. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe tiyín. Tí kì í bá ṣe tiyín, ọpẹ́ wo ni ẹnikẹ́ni fẹ́ dú níwájú kámẹ́rà?

Wọ́n kọ́ ọ nípa Luther, àlùfáà ará Jámánì tí ìjọ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, nínú kíláàsì kátíkísìmù, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ àpótí Leisnig fún àwọn ọmọdé. Ìlú kékeré kan ni Leisnig, ní Saxony, ní ilẹ̀ Jámánì. Ní 1523, àwọn ará ìjọ ibẹ̀ pinnu pé kí gbogbo owó àti ohun ìní ìjọ wọn bọ́ sínú àpótí kan ṣoṣo. Wọ́n kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, Luther sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i kí àwọn ìlú mìíràn lè rí i fi ṣe àwòkọ́ṣe. Àgádágodo mẹ́rin ni òfin náà ní kó wà lẹ́nu àpótí yẹn, kọ́kọ́rọ́ wọn kò sì gbọdọ̀ bá ara mu: ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá, ọ̀kan lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko. Kò sí ẹni tó lè dá a ṣí. Ènìyàn mẹ́wàá ni yóò máa bójú tó o, mẹ́ta nínú wọn á jẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ka ìṣirò owó sétí gbogbo ìjọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n á ti san owó olùṣọ́ àgùntàn àti tíṣà, inú rẹ̀ ni wọ́n á ti bọ́ ọmọ òrukàn àti arúgbó, inú rẹ̀ ni wọ́n á ti yá oníṣẹ́ ọwọ́ tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀ fún lówó.

Àwọn àgbẹ̀ yẹn ni mo máa ń rò jù. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, tí ọmọ ọ̀kan nínú wọn ń sunkún ebi, àpótí tí àwọn èèyàn tirẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni wọ́n á ṣí fún un. Ta ló fẹ́ wá dúró níwájú rẹ̀ pé "Èmi ni mo bọ́ ọ"?

Má rò pé gbogbo rẹ̀ lọ geere. Ìgbìmọ̀ ìlú kò fẹ́ yọwọ́ nínú ohun ìní ìjọ, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn tí Luther fúnra rẹ̀ kò lè yanjú bọ̀rọ̀. Owó lowó ń jẹ́, ní Leisnig àti ní Ṣómólú.

Mo mọ̀ pé owó yín kò sí nínú àpótí mọ́, báńkì ló wà. Ẹni mélòó ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó jáde? Bí ẹnì kan bá lè jókòó sílé rẹ̀ kó fi fóònù rán an jáde, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, bó ti wù kí ẹni náà jẹ́ olóòótọ́ tó. Sì wo ìgbìmọ̀ yín dáadáa. Gbogbo yín ló ń gba owó oṣù. Ẹ fi ìyá kan tó ń pàtẹ ẹja kún un, tàbí opó kan tí ìjọ ti ràn lọ́wọ́ rí. Ohun tí irú wọn á rí nínú ilé kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀yin lè jókòó níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú kí ẹ má rí i.

Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì títí ó fi kú, kò fara mọ́ bí àwa ọmọ ìjọ Lutheran ṣe ń ka òfin mẹ́wàá. "Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè" jẹ́ òfin kẹjọ lọ́dọ̀ tiwọn, òfin keje lọ́dọ̀ tiwa. Ó máa ń ní bàbá rẹ ti jí òfin kan gbé. Àmọ́ nígbà tí mo ka àlàyé tí Luther ṣe sí i nínú Kátíkísìmù Kékeré ti 1529 fún un, ó dákẹ́: kí a má gba ohun ìní ẹnìkejì wa, kí a sì tún ràn án lọ́wọ́ kí ohun tó ní àti iṣẹ́ tó fi ń jẹun lè dára sí i. Òfin tó tẹ̀ lé e, ti ẹ̀rí èké, ní kí a gbèjà ẹnìkejì wa, kí a sì túmọ̀ ìṣe rẹ̀ sí rere. Ìpàdé ìgbìmọ̀ yín gan-an ni èyí wà fún. Ẹnì kan á sọ pé, "Ṣebí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà?" Ọmọ lè wà ní Kánádà kó má rí ti ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó sọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tí ẹ bá sì rí níbẹ̀, akọ̀wé, má kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹni méjì ti tó. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má wọ ankárá ẹgbẹ́. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ béèrè: "Mà, kí ló ń yọ yín lẹ́nu jù?" Ẹni tó ní ìtọ̀ súgà ni ẹlòmíràn ń gbé àpò ìrẹsì fún, nígbà tó jẹ́ pé owó oògùn ló ń wá. Bó bá jẹ́ owó ilé ni, ẹ má lọ bá lánlọ́ọ̀dù. Ẹ kó owó náà fún un, kó fọwọ́ ara rẹ̀ san án, kó gba rìsíìtì ní orúkọ ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ oúnjẹ, láílọ́ọ̀nù dúdú bíi ti ẹni tó ti Oyíngbò dé ni kí ẹ fi gbé e wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì àwọn olóṣèlú náà wà níbẹ̀. Nígbà ìdìbò, wọ́n á gbé e wá, fọ́tò ẹni tó ń díje á gba ara àpò kan. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ tú u sínú ọ̀rá lásán, kí ẹ má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ gbà á. Bí wọn kò bá gbà, ẹ dá a padà. Ẹnu á kùn yín. Kò burú.

Bàbá rẹ ní kí n má gbàgbé Ibesikpo, ní ilẹ̀ Ìbíbíò, ní Akwa Ibom. Àwọn ará ibẹ̀ ló rán Jonathan Udo Ekong lọ sí Amẹ́ríkà pé kó wá ìjọ tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn dúdú tó jẹ́ Lutheran lọ́hùn-ún, tí àwọn náà kò rí towó ṣe, ti ń dáwó jọ fún iṣẹ́ ìyìn rere ní Áfíríkà. Ní 1936, Henry Nau, míṣọ́nnárì tí ìjọ Lutheran rán láti Amẹ́ríkà, dé sí Ibesikpo. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni bàbá rẹ ti kọ́ ìwé. Títí dòní, kò mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó dáwó náà.

Wàá rí i pé àwọn kan ò ní gbà kí o lọ láìdúpẹ́. Ẹnì kan á gbé adìyẹ wá bá ọ nílé. Má lé e, má sì pa á jẹ. Ní kó tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ ìkórè, kó gbé e síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ti gbogbo ìjọ.

Bí o bá gba Oyíngbò kọjá lọ́sẹ̀ yìí, bàbá rẹ ní kí o bá òun ra edé tó mọ́ fún ọbẹ̀ afang. Ó ní ti ẹ̀ẹ̀kan, iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ