Ẹ jẹ́ kọ́mọ la ẹnu ẹ̀ sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì wa n'Íjẹ̀bú-Òde níbí ló ń dùn mí. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní SS2 wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù l'Ókè-Ajé ní Sátidé, kọ́sítọ́mà kan tó wá láti Pọ́tákọ̀ bi í lédè gẹ̀ẹ́sì pé èló ni léèsì, ọmọ yìí kàn wolẹ̀ ni, ó ń fi èékánná ha orí káńtà, kò fọhùn, bẹ́ẹ̀ máàkì gírámà ẹ̀ dáa gan-an! Nígbà tí mo bi í, ó ní tóun bá ṣi gẹ̀ẹ́sì sọ ní kíláàsì wọ́n á fi òun rẹ́rìn-ín, tóun bá sì sọ Yorùbá, owó ìtanràn ni. Ibo ló wá fẹ́ gbà?

Ìdánwò Oral English ti WAEC gan-an, tí wọ́n pè ní gẹ̀ẹ́sì àfẹnusọ, ní Nàìjíríà níbí, A, B, C, D lọmọ ń ṣa, kò ní sọ gbólóhùn kan sétí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tíṣà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ máa sọ gẹ̀ẹ́sì ní méjì-méjì, kí ọ̀kan ṣe ọlọ́jà, kí èkejì wá rajà, kí wọ́n máa wojú ara wọn. Ẹ sì yé gbowó Yorùbá lọ́wọ́ wọn, torí ọmọ tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń kíni, tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá sọ́rọ̀ lédè ìyá ẹ̀, kò ní máa bẹ̀rù èèyàn tó bá di gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tèmi á máa wá ní gbogbo Sátidé báyìí, òun lá máa dá kọ́sítọ́mà lóhùn.

Èmi ni, aláṣọ kan l'Ókè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde.